Ọdún Tí Ìyàwó Ń Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì Nínú Ilé Wa

Ilé tí wọ́n bí mi sí ní Ìṣẹ́yìn kì í dákẹ́. Òfì ni wọ́n ń hun níbẹ̀, àwọn ọkùnrin ilé a sì ti jókòó sídìí rẹ̀ bí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán. Ẹsẹ̀ wọn ń tẹ̀, ọwọ́ wọn ń ju ọ̀kọ̀ tó gbé òwú láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, igi tí wọ́n fi ń gbá òwú mọ́ra sì ń ró gbà, gbà, gbà, títí ọmọ ọwọ́ á fi jí tí á bú sẹ́kún. Àwọn obìnrin ní tiwọn ń gbálẹ̀, wọ́n ń fọ ìkòkò, wọ́n ń pariwo mọ́ ewúrẹ́ tó fẹ́ jẹ èlùbọ́ tí wọ́n sá. Láti ìgbà náà, mo ti gbé níbi tí àárọ̀ ti ń dákẹ́ rọ́rọ́, ara mi kò sì balẹ̀ níbẹ̀ rí. N óò dìde, n óò ṣí rédíò, n óò máa fi ṣíbí lu kọ́ọ̀bù lásán. Ẹ̀bi ilé wa ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún ariwo yẹn, ọ̀kan wà tó ju ìyókù lọ, ìyẹn ọdún tí ìyàwó ilé wa ń múra ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó jẹ́ẹ́.

Ìyàwó ni gbogbo wa ń pè é. Àbúrò bàbá mi tí à ń pè ní Bàbá Kékeré ló fẹ́ ẹ, òun ló sì wọlé kẹ́yìn nínú àwọn obìnrin ilé. Kò tíì bímọ, nítorí náà a kò lè fi orúkọ ọmọ pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá tèmi ní Ìyá Ràbí. Bàbá Àgbà ń pè é ní Ìyàwó, Ìyá Àgbà ń pè é ní Ìyàwó, àwa ọmọdé tí kò tíì mọ bí a ṣe ń nu imú náà ń pè é ní Ìyàwó, ó sì ń jẹ́ gbogbo wa lóhùn. Òun pàápàá kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin kì í dárúkọ ẹni tó bá nínú ilé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n ń gbé pọ̀n; orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ bá fún un ló gbọ́dọ̀ máa pè é. Bàbá Àgbà ni "Onílé-ayọ̀." Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ọrùn rẹ̀ gùn ni "Ọrùn-yẹ-ìlẹ̀kẹ̀." Èmi ni "Eyínfúnjowó," bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín iwájú mi ti yọ kúrò nígbà náà. "Eyínfúnjowó, ẹ bá mi mú ìgbálẹ̀ yẹn," ni yóò wí, pẹ̀lú "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, n óò sì gbé àyà síta lọ mú ìgbálẹ̀. Èmi náà ti wọ ilé ọkọ lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì ti fún àwọn ẹni ẹlẹ́ni lórúkọ. Àwọn ìyàwó òde òní ń pe ọkọ wọn lórúkọ gbalaja lórí fóònù, wọ́n á tún ní kó má gbàgbé búrẹ́dì. N kò bá wọn jà.

Tíṣà ni Ìyàwó, ṣùgbọ́n tíṣà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ ni. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú, ó sì ti yege nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n fi ń gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, ó wá ku Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì yìí ti gbé e ṣubú, ó dìde, ó tún gbé e ṣubú. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá sọ fún un pé bí ti ọdún yìí náà kò bá bọ́ sí i, ẹlòmíràn tó ní ìwé ẹ̀rí ni yóò gba kíláàsì rẹ̀. Bàbá Kékeré ní tiwọn ti gba ilẹ̀ oko sí Òfìkì, nítorí pé ìdí òfì kò gbà wọ́n mọ́ láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó kún ibẹ̀. Wọ́n ní bí Ìyàwó bá kùnà, kí ó kó ẹrù rẹ̀, kí àwọn jọ lọ máa gbin ẹ̀gẹ́. Kì í ṣe pé oko burú. Oko ló bọ́ ìdajì ìlú wa. Ṣùgbọ́n mo ti bá Ìyàwó lọ sí kíláàsì rẹ̀ rí, mo rí bó ṣe ń rìn láàárín àwọn ọmọ, tí ẹfun ìkọ̀wé bo ọwọ́ rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe ń rí nílé lọ. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé ẹ̀rù ń bà á. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá mi nídìí ààrò pé, "Ìyálé mi, bí wọ́n bá gba kíláàsì yẹn lọ́wọ́ mi, n kò mọ ohun tí n óò máa jí sí láàárọ̀ mọ́." Ìyá mi ní kí ó má fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni èèyàn ṣe ń kọ́ èdè tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ nílé? Ilé kéú nìkan ni àwa mọ̀ pé wọ́n ti ń kọ́ èdè àjèjì, ibẹ̀ sì ni Ìyàwó fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ mọ ìwé, nítorí náà bí a ṣe ń ké kéú ló ṣe ń ké Gẹ̀ẹ́sì. Ó wá wàláà àtijọ́ kan jáde, pátákó tí a máa ń kọ kéú sí, ó ń fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ tó ń dà á láàmú sí i lójoojúmọ́, ó sì gbé e ti ògiri nídìí ààrò. Bó bá ń rokà, á máa mì síwá sẹ́yìn, á máa fi ohùn kéú ké e: "Bọ́ró, kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́ńdì, kí n gbé e lé e lọ́wọ́." Yíyá kan ṣoṣo la ní ní tiwa. Ẹni tó wá yá odó, ó yá a; èmi tí mo yá a lódó, mo yá a. Gẹ̀ẹ́sì ní kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kíkọ́ náà rí bẹ́ẹ̀: tíṣà ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ìwé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ní tíìṣì ni ti tíṣà, lọ́ọ̀nù ni ti ọmọ, ẹni tó bá sì ṣì wọ́n mú ti gba òdo. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi wọ àwa ọmọdé lẹ́nu. À ń fi í fo okùn. Àwọn tó wà nídìí òfì gbà á, ọwọ́ wọn ń bá a lọ: bọ́ró, gbà, lẹ́ńdì, gbà. Ẹni tó bá ń kọjá lójú ọ̀nà á rò pé wòlímọ̀ la ń ṣe.

Ìyá Àgbà ní tiwọn kò gba ọ̀rọ̀ òyìnbó gbọ́. Ẹ̀gbẹ́ àwọn ahunṣọ ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á máa yọ kóró kúrò lára òwú. Lọ́jọ́ kan Ìyàwó ṣàlàyé fún wọn pé bí a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, a kì í gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Etí nìkan ló ń gbọ́, imú ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

"Ṣé o gbọ́ òórùn irú tí Ìyá Ràbí ń sè yẹn?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Mo gbọ́ ọ, Ìyá."

"Imú lo fi gbọ́ ọ àbí etí?"

"Imú ni, Ìyá."

"O sì gbọ́ ọ. Kí ló wá kan òyìnbó níbẹ̀?"

Bàbá Àgbà tó ń fa tẹ̀sùbáà lórí awọ àgùntàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ìṣe ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni." Bẹ́ẹ̀, àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Gẹ̀ẹ́sì ní kí a máa ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin nígbàkigbà tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ wọn, Ìyàwó á sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nípa Bàbá Àgbà, kó tó dé ìdajì, ó ti sọ wọ́n di obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi Ọrùn-yẹ-ìlẹ̀kẹ̀ tó ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ á sáré lọ sọ fún wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé wọn.

Bí ọyẹ́ ṣe ń lọ tí ìdánwò ń súnmọ́, ẹ̀rín dín kù nínú ilé. Ìyàwó ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀ tó ti níyọ̀. Ó ń lọ sídìí kànga láìmú korobá. Á jókòó, á dìde, á tún wàláà wò, á nù ún, á tún ohun kan náà kọ. Bàbá Kékeré pàápàá kò fara balẹ̀. Wọn á fi òfì sílẹ̀ lọ wo ọkọ́ tí wọ́n ti lọ rà lọ́dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ Ṣakí, ọkọ́ ńlá kan àti kékeré kan, tí wọ́n gbé ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo wa mọ ẹni tó ni kékeré. Ìyàwó kì í wo apá ibẹ̀ bó bá ń wọlé. Wọn kò bá ara wọn jà o, n kò gbọ́ kí ohùn wọn ga rí. Ọkọ̀ọ̀kan wọn kàn ń dúró de ohun tí èkejì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rẹ́ kan wà fún Ìyàwó níbi iṣẹ́, ọkùnrin ará Ìlérò kan tó ti gba ìwé ẹ̀rí ní tirẹ̀. Tíṣà nìkan la mọ̀ ọ́n sí. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń gun alùpùpù rẹ̀ wá, á jókòó lórí àpótí lábẹ́ àtíbàbà àwọn ahunṣọ, á máa bi Ìyàwó ní ìbéèrè níṣojú gbogbo wa. Ní Sátidé tó ṣáájú ìdánwò, ó bi í ní bọ́ró, ó bi í ní lẹ́ńdì, ó ya ọkùnrin kúrò lára obìnrin, Ìyàwó kò ṣìṣe kankan. Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ó ní ó ku ìdánwò ẹnu, èyí tí wọ́n máa ń jókòó bá olùdánwò sọ. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ṣe bí olùdánwò, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń rọra túmọ̀ rẹ̀ sí wa létí.

"Sọ fún mi nípa ilé tí ò ń gbé. Ta ni baálé?"

"Onílé-ayọ̀ ni baálé wa," ni Ìyàwó wí.

"Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Onílé-ayọ̀."

"Orúkọ gan-an, èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ."

Ìyàwó mú etí ìborùn rẹ̀, ó ń ká a mọ́ ìka. Tíṣà tún un bi, ohùn rẹ̀ ga díẹ̀, Ìyàwó kò fọhùn. Òfì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà pa Gẹ̀ẹ́sì tì. "Ìyàwó, ṣé ìbéèrè yẹn ni kò yé yín ni?"

"Ó yé mi."

"Kí ló wá dé?"

Ìyá mi ló dá a lóhùn láti ìdí ààrò. "Tíṣà, ta lẹ ní kó dárúkọ? Bàbá? Nínú ilé yìí?"

Tíṣà gbé ọwọ́ lérí. Ọmọ Yorùbá ni òun náà, ó mọ̀ ọ́n, ó kàn rò pé ìwé ti gba èyí kúrò lọ́wọ́ obìnrin tó bá kàwé ni. Ó rọra béèrè pé, "Ìdánwò ẹnu tí ẹ ti ṣe kọjá, kí ni wọ́n bi yín níbẹ̀?"

"Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ará ilé mi."

"Ẹ wá sọ kí ni?"

"Mo sọ nípa Onílé-ayọ̀, àti Ọrùn-yẹ-ìlẹ̀kẹ̀, àti Eyínfúnjowó. Ìyá tó ń dán mi wò ní orúkọ ni òun ń béèrè, òun kò béèrè àpèlé. Mo dákẹ́. Ó dúró dè mí títí, ó wá kọ nǹkan sílẹ̀."

"Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

"Ọkùnrin ni ìyẹn. Òun náà bi mí lórúkọ ọkọ mi."

Inú bí mi nígbà náà, inú sì ń bí mi báyìí tí mò ń kọ ọ́. Gbogbo wàláà yẹn, gbogbo iyọ̀ tó bọ́ sọ́bẹ̀, gbogbo bọ́ró àti lẹ́ńdì tí a ké títí ẹnu fi bó! Àwa la dí i lọ́nà. Orúkọ wa ló jókòó sí i lọ́fun. Tíṣà bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn dá orúkọ kan pè, kó ní Músá, kó ní Àlàbá, ta ni yóò wá wádìí dé Ìṣẹ́yìn? Ìyàwó mi orí. "Mo ti rò ó, Tíṣà. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí kí n fi irọ́ gba iṣẹ́ tí mò ń fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní òtítọ́. Mo wá ní kí n sọ orúkọ wọn, ahọ́n mi wúwo. Kò tíì gba ibẹ̀ rí, kò mọ ọ̀nà." Bàbá Kékeré sọ láti ìdí òfì pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, Tíṣà. Bóyá Ọlọ́run ló fi oko hàn wá." Ìyàwó yí ojú sápá ibòmíràn. Omi ti kún un lójú.

Bàbá Àgbà ń ti mọ́sálásí bọ̀, wọ́n kírun Àílà tán, wọ́n bá gbogbo wa lórí ìdúró, wọ́n rò pé ẹnìkan kú ni. Ìyá mi ròyìn fún wọn. Wọ́n jókòó sórí awọ wọn, wọ́n wo Ìyàwó títí.

"Ṣé orúkọ mi ló dè ọ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"N kò bínú. Mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ. Gbogbo ilé ń gbọ́. Pè é."

Ìyàwó kúnlẹ̀. Ó la ẹnu. Kò sí nǹkan tó jáde. Ó nu òógùn ojú, ó tún la ẹnu, ètè rẹ̀ pàdé láti bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró síbẹ̀. Àwa ọmọdé ń fi ètè sọ orúkọ náà fún un láìjẹ́ kó dún, bí ẹni ń ti ọmọ tó fẹ́ rìn. Tíṣà ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Bàbá Kékeré ti dìde kúrò nídìí òfì, wọ́n ń wo ìyàwó wọn, mo sì rí i lójú wọn pé wọn kò rántí oko mọ́; wọ́n kàn fẹ́ kó sọ ọ́ ni. Ó gbìyànjú títí, ó dorí kodò. "N kò lè ṣe é," ni ó wí.

Ìyá Àgbà gbé igbá òwú kúrò lẹ́sẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá a wí ni. Ọmọbìnrin ni wọ́n wà tí wọ́n ti gbé wọn wọ ilé yẹn. Wọ́n bímọ níbẹ̀, wọ́n sin ọmọ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ kí wọ́n pe ọkọ wọn ju "Bàbá Wọn" lọ. Wọ́n gbọn òwú kúrò lára ìró, wọ́n rìn wá síwájú awọ àgùntàn náà, wọ́n di òpó àtíbàbà mú.

"Bùráímọ̀!"

Kíá ni Bàbá Àgbà dáhùn, wọn kò rò ó kí wọ́n tó sọ ọ́: "Ẹ́ẹ̀n, Ìyé mi!" Bí ọmọdé ṣe ń jẹ́ ìyá rẹ̀ ni wọ́n jẹ́. Ìgbà tó jáde lẹ́nu wọn tán ni wọ́n tó gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n bo ojú, wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tó pè mí báyìí mọ́." Ìyá Àgbà ṣì di òpó náà mú. Wọn kò wo ọkọ wọn. Ìyàwó ni wọ́n kọjú sí. "Mo ti la ọ̀nà fún ọ," ni wọ́n wí. "Máa bọ̀."

Ìyàwó pè é. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó dún. Ó pe bàbá mi, ó pe ẹ̀gbọ́n mi, ó pè mí ní Ràbíátù, mo sì bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni. Ó pe Jímọ̀, ìyẹn Bàbá Kékeré, wọ́n sì ń wo ẹsẹ̀ ara wọn bí ẹni tí wọ́n mú níbi tí kò yẹ. Tíṣà ní kó tún wọn pè ní Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn sí gbólóhùn, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Bí Tíṣà ti jáde tán, Ìyàwó padà sí Onílé-ayọ̀ àti Eyínfúnjowó bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. N kò gbọ́ orúkọ Bàbá Àgbà lẹ́nu Ìyá Àgbà mọ́ láé.

Ọkọ̀ Ṣakí ni Ìyàwó wọ̀ lọ sí ìdánwò náà. Nígbà tó dé, eruku bò ó, gbogbo ilé yí i ká, ó ní wọ́n béèrè, òun sì sọ, òun kò mọ̀ bóyá òun sọ ọ́ dáadáa. Ìyẹn nìkan la rí gbà lẹ́nu rẹ̀. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Àwọn ará oko ti ń kọ ebè, Bàbá Kékeré kò sì lè dúró mọ́. Wọ́n di ẹrù, wọ́n di ọkọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ní bí ọ̀sẹ̀ bá yí, àwọn ń lọ, èsì ìdánwò á bá àwọn lọ́hùn-ún. Ìyàwó ń tú òwú fún àwọn ahunṣọ lẹ́yìn ilé. Kò ké nǹkan kan mọ́, wàláà ti padà sáàjà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ó wọ sòkòtò kúkúrú àwọn oníṣẹ́ ìjọba, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. "Ẹ kúulé o. Múnírátù Àkànní ni mò ń béèrè."

Àwa ọmọdé wo ara wa. Mo sọ fún un pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Kò gba ọmọdé gbọ́, ó ní kí n pe àgbà. Ìyá mi jáde pẹ̀lú ọmọ orógùn lọ́wọ́, wọ́n ronú síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Múnírátù? Kò sí níbí o. Ẹ bá wa béèrè nílé kejì." Ọkùnrin náà ṣépè fún oòrùn, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà.

Ẹsẹ̀ la gbọ́ láti ẹ̀yìn ilé. Ìyàwó ń sáré bọ̀ láìsí ìborùn lórí, òwú pupa wé mọ́ ọn lápá, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. "Èmi ni!" ló ń ké. "Èmi ni o! Èmi ni mò ń jẹ́ bẹ́ẹ̀!"

Ọkùnrin náà dúró. Ó ní wọ́n ń retí rẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ lọ́la kó wá gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó ti yege. Òfì ti dákẹ́ nínú àtíbàbà, Bàbá Kékeré sì ti jáde dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Ọkùnrin náà wo èmi, ó wo ìyá mi, ó wo gbogbo wa pẹ̀lú ìbínú.

"Kí ló dé tí ará ilé yín fi ní ẹ kò sí níbí?"

Ìyàwó ń tú òwú kúrò lápá. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa.

"Wọn kò tíì mọ̀ mí ni, sà."